Ẹni Tó Ni Sípíkà

Ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n tẹ̀ fún bàbá mi àgbà ní Oǹdó ní ojú ewé mẹ́rìnlélógún. Wọ́n kọ ọdún tó wọ ilé ìwé síbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ọmọ àti ọmọ ọmọ, wọ́n to gbogbo ipò tó dì mú nínú ìjọ lẹ́sẹẹsẹ. Níbi iṣẹ́, wọ́n kọ "oníṣòwò ẹ̀rọ." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú bí mi, mo sì ká ìwé náà, mo fi ń fẹ́ ara mi títí ìsìn fi parí.

Bàbá mi àgbà kò ta ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni rí. Sípíkà ló ní. Ẹni tó bá ń sìnkú, ẹni tó bá ń ṣe ìsọjí, ẹni tó bá ń gbéyàwó, yóò wá yá sípíkà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́, yóò sì gba Bàbá fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí kì í jẹ́ kí sípíkà rẹ̀ dá lọ òde. Akínwándé ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti Ọjà Ọba Àkúrẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ wa, Bàbá Sípíkà ni gbogbo ayé ń pè é.

N kò ní kọ ìtàn ayé rẹ̀. Àwọn tó tẹ ìwé ètò ti ṣe ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni bó ṣe ń ká wáyà, bó ṣe ń bá èèyàn jà, àti ohun tó ṣe ní Oǹdó nígbà tí ayé rẹ̀ ku oṣù díẹ̀.

Kí ẹ tó bá mi wí pé mo ń pe àgbàlagbà ní "ó," ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Oṣù kejì lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú ni wọ́n bí mi. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ mí ní Yétúndé. Nílé ẹlòmíràn, orúkọ lásán ni ìyẹn. Lọ́wọ́ Bàbá, ọ̀rọ̀ gidi ni. "Ìyá mi" ló ń pè mí níwájú àlejò àti níwájú ọlọ́pàá. Láti ìgbà tí mo ti ń rá kòrò ló ti ń pè mí ní "ẹ̀yin." Bí mo bá kọ ẹ̀bà, á ní Ìyá òun ò jẹ ẹ̀bà, kí wọ́n yára gúnyán. Ó kìlọ̀ fún mi pé ìyá kì í pe ọmọ rẹ̀ ní "wọ́n," àmọ́ màmá tó bí mi kò fara mọ́ ọn, torí náà "ẹ" ni mò ń lò bí màmá mi bá wà nítòsí, ó sì wá mọ́ mi lẹ́nu. Èmi àti ẹni ọgọ́rin ọdún wá ń "ẹ" ara wa káàkiri ilé.

Nígbà tí mo wà ní girama, mo bi í bóyá ó gbà lóòótọ́ pé èmi ni ìyá òun. Ó ń fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ gbígbó nu sípíkà lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá wá jẹ́ òótọ́, tó sì jẹ́ pé mo ti ń rán yín lọ ra bátìrì láti àárọ̀, kí ni mo fẹ́ sọ tí mo bá dé ọ̀run?"

Ó máa ń dé òde ìnáwó ní wákàtí méjì ṣáájú ẹni tó ni ìnáwó. Ọwọ́ àti ìgúnpá ló fi ń ká wáyà, kì í jẹ́ kó kan ilẹ̀. Bó bá fẹ́ dán máìkì wò, kì í ka ọ̀kan, èjì bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ ìlú tó wà lójú ọ̀nà ilé rẹ̀ ló máa ń pè: Àkúrẹ́, Ọ̀wẹnà, Bọ́lọ́rundúró. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí. Kì í dé Oǹdó tó jẹ́ ìlú rẹ̀, èmi náà ò sì bi í.

Lẹ́yìn náà ló kan ìbéèrè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a lóhùn: "Kí lẹ fẹ́ sọ?" Kò ka ipò sí. Pásítọ̀ kan wá ṣe ìsọjí ní Ọ̀bà-Ilé, Bàbá bi í. Pásítọ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Bàbá ní òun mọ̀, èwo nínú rẹ̀? Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀, ó ṣàlàyé ìwàásù rẹ̀ fún Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì gbà lẹ́yìn náà pé ó dáa bí wọ́n ṣe bi òun, torí òun náà kò tíì mọ ibi tí ìwàásù náà máa parí sí.

Ìgbà kan tún wà tí opó kan fẹ́ gba máìkì níbi òkú ọkọ rẹ̀, kó lè bú àwọn ẹbí ọkọ. Bàbá kò ní kó má bú wọn. Ó gbé àga fún un, ó fún un lómi, ó ní kó kọ́kọ́ bú wọn fún òun nìkan. Obìnrin náà bú wọn fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó sunkún, ó sì lọ jókòó. Mo bi Bàbá pé kí ló kàn án nínú ohun tí onínǹkan bá fẹ́ sọ. Ó ní, "Ẹni tó ni sípíkà kò lè ní òun ò gbọ́."

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyí. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ nígbà tí àwa mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin pọ́ǹkì: èmi ń kọrin, Káyọ̀dé ń ta gítà, Títí ń ta gítà olóhùn ìsàlẹ̀, Dàpọ̀ ń lu ìlù. Ẹni tí kò bá mọ pọ́ǹkì, orin kúkúrú ni, kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó yára, ó le, ẹnu ni a sì fi ń pariwo ju pé a ń fi ọ̀fun kọ ọ́ lọ. Gítà rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó ń wọ́ páànù lórí títì. Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ ládùúgbò. Wọ́n lé wa ní ilé mẹ́ta. Mo wá lọ bẹ Bàbá pé kó fún wa ní sítọ́ọ̀ tó ń kó ẹrù sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó káwọ́ lérí, ó tẹ́tí gbọ́ orin mẹ́ta láìmira. Dàpọ̀ ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, Bàbá ní, "Kí ni orin yìí ń sá fún? Ṣé òjò ń bọ̀ ni?" Lẹ́yìn náà ló bi wá ní ìbéèrè rẹ̀. A kọ ọ̀rọ̀ orin sórí ìwé, ó wọ awò ojú, ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ó ń kà á. Ọ̀kan jẹ́ nípa ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lómi. Ọ̀kan jẹ́ nípa àwọn bọ̀dá ẹbí tí wọ́n ń bi ọmọbìnrin pé ìgbà wo ni yóò lọ́kọ. Ẹ̀kẹta bú àwọn àgbà tó jókòó sórí àga tí wọn ò fẹ́ dìde fún ọmọ ẹlòmíràn. Èyí ló pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Àwa ti ń palẹ̀ ẹrù wa mọ́ nínú ọkàn. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹsẹ̀ kẹta kò tíì le tó."

Láti ọjọ́ náà ni a ti di ẹgbẹ́ lóòótọ́. Àárín ọ̀sán sí agogo mẹ́rin nìkan ló gbà wá láyè, kí ariwo wa má baà dí oorun àwọn aládùúgbò lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ẹgbẹ́ náà ní Ariwo Ọ̀sán. A ṣe àwo wa àkọ́kọ́ nínú sítọ́ọ̀ yẹn, a fi mátírẹ́ẹ̀sì dí fèrèsé. Títí fi ọwọ́ ya àwòrán sí ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Bàbá gbé sípíkà lọ sí gbogbo ibi tí a ti ṣeré ní Àkúrẹ́, kódà ní ibi tí èèyàn mọ́kànlá péré ti wá, tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń dúró kí òjò dá.

Ọkùnrin kan wá láti Èkó tó ní òun fẹ́ gbé wa sábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde. Bàtà rẹ̀ ń dán. Ó ní kí a dín iyára kù, kí a fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i, kí èmi sì yọ ìkọ́ tí mo fi gún aṣọ mi káàkiri. Bàbá bi òun náà pé kí ló fẹ́ kí àwọn ọmọ òun sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohunkóhun tó bá ti lè tà. Ó lọ, kò sì padà wá. Káyọ̀dé sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Bàbá jẹ́ kó sunkún tán kó tó ní, "Ẹni tó bá yá ọ lẹ́nu, ọjọ́ tí o bá fẹ́ jẹun ló máa wá gbà á."

Ẹ má rò pé kì í bá wa jà. Ó máa ń bá Dàpọ̀ jà torí pé ó ń na ìlù bí ẹni ń na olè, ó máa ń bá mi jà torí irun mi tí mo pa láró pupa. Ìjà tó pọ̀ jù ni ti ọ̀sẹ̀ tí Ọba wọlé. Àwọn ọjọ́ kan wà lọ́dún tí Ọba Àkúrẹ́ kì í jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lu ìlù. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Àwa náà mọ̀, ṣùgbọ́n a gbàgbé, iná ò sí ní Ọ̀bà-Ilé, a lọ ń dánrawò nílé Dàpọ̀ láàárín ìlú. Orin kejì ni a wà tí ìránṣẹ́ olóyè àdúgbò fi wọlé, tó gbé ìlù ńlá lọ.

Bàbá wọ agbádá, ó tẹ̀ lé e lọ sílé olóyè. Ọmọ Oǹdó ni, kì í ṣe ọmọ Àkúrẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní rọ́bà ni wọ́n fi bo ìlù yẹn, kò sí awọ ẹran kankan lára rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe wá ń pè é ní ìlù? Olóyè wò ó, ó fi ohùn Àkúrẹ́ pe ìlù, ó ní, "Ùlù ni." Bàbá ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án wò. Olóyè ní òun ti fọwọ́ kàn án, ùlù ni. Wọ́n fà á títí wọ́n fi gbé obì kalẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí a wá gbé e nígbà tí Ọba bá jáde. Inú wa dùn dọ́ba. A ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá bí a ṣe ń wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa. Ó ní, "Mo ti gbèjà yín tán níta. Ẹ jókòó kí n wá bá yín jà."

Ohun tó kàn yìí ni n kò fẹ́ kọ.

Lọ́dún kẹfà ẹgbẹ́ wa, a gbé àwo kejì jáde. Kò pé oṣù kan tí orin inú rẹ̀ fi wà lórí fóònù gbogbo ọ̀dọ́ Àkúrẹ́, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wa. Ọ̀rẹ́ Títí ní ọkùnrin kan ní Ọjà Ọba ló ń fún gbogbo èèyàn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sùlé, tó ń gbé orin sórí mẹmórì fóònù fún oníbàárà. N kò lọ bi í. Mo jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fi ìbínú kọ orin. Ègbè rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: orúkọ ọkùnrin náà, àti "olè." Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò kọ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbé ìwé náà lọ fún Bàbá. Ó ń wọ awò ojú lọ́wọ́ tí mo fi ń yangàn pé orúkọ èèyàn gidi wà nínú eléyìí. Ó bọ́ awò ojú. Ó ká ìwé náà láìkà á, ó ní orúkọ èèyàn kì í gba inú sípíkà òun kọjá. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ẹni náà àti ohun tó ṣe. Àgbàlagbà yìí fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí rẹ̀ bí ọmọ kékeré, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́. Mo sọ̀rọ̀ kan tó wù mí kó padà sí mi lẹ́nu. Mo ní ojo ni. Mo ní bó ṣe ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó dìde, ó wọ yàrá. Ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí kò pè mí ní Ìyá rẹ̀ kó tó lọ.

A yá sípíkà ẹlòmíràn. A kọ orin náà ní pápá kan lẹ́yìn ilé oúnjẹ ní Àkúrẹ́, ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí a fi máa gbé ègbè lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo èrò ti mọ̀ ọ́n. Èèyàn tó tó igba ń pariwo orúkọ Sùlé, orí mi wú. Lọ́jọ́ kejì, kó tó di ọ̀sán, àwọn ọ̀dọ́ kan kọ orin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n fọ́ gíláàsì, wọ́n já pátákó orúkọ rẹ̀ bọ́. Kò fara pa, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Dàpọ̀ ló pè mí. N kò mọ ẹni tí mo lè sá lọ bá ju Bàbá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a ò ti bára wa sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mo rò ó fún un lórí ìdúró. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ Sùlé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá àga lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Sùlé Ọjà Ọba? Èmi ni mo fún un."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwo wa lọ bá ọkùnrin náà lọ́sẹ̀ tó jáde. Ó ní kó fún ẹnikẹ́ni tó bá wá gbé orin, kó má gba nǹkan kan lórí rẹ̀, kí gbogbo Àkúrẹ́ lè gbọ́ ohùn Ìyá òun. Inú rẹ̀ ló dùn. Ó fẹ́ kó yà mí lẹ́nu. A jókòó. Ká ní mo lọ bi Sùlé ni. Ká ní Bàbá jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan péré ni. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tó ni sípíkà kò lè ní òun ò gbọ́, ọwọ́ mi ni mo fi di etí."

A lọ bẹ Sùlé. Bàbá ṣí fìlà níwájú ẹni tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n ti gbá gíláàsì kúrò. Dàpọ̀ àti Káyọ̀dé ti gbé pátákó tuntun dání. Sùlé kò bínú sókè. Ó ní kí a dìde. Ó ní, "Gíláàsì ń bẹ lọ́jà, Bàbá. Àmọ́ ọmọ mi ti mọ orin náà."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Bàbá jẹun. Ní Sátidé, ó kó gbogbo sípíkà tó ní lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò tíì kó wọn jáde tán fún wa rí, kódà nígbà tí a bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹni tó bá máa dárúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀ lónìí, kó kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, kó dárúkọ bàbá rẹ̀, kó sọ ibi tó ń gbé. Èmi ni mo kọ́kọ́ gba máìkì. Mo ti pariwo níwájú èrò fún ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di máìkì mú lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ pé èmi Yétúndé, tí mò ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé nílé Bàbá Sípíkà, èmi ni mo kọ orin, irọ́ ni mo pa mọ́ Sulaimọ̀n, kò jalè. Títí sọ tirẹ̀, Káyọ̀dé sọ tirẹ̀, Dàpọ̀ sọ tirẹ̀. Ọmọbìnrin Sùlé jókòó sórí itan bàbá rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Títí dòní, bí a bá fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú orin wa, ohun tí a máa ń ṣe nìyẹn, àwọn ará Ìbàdàn tí a lọ ṣeré fún sì rò pé àṣà orin pọ́ǹkì ni.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, mo rí i pé Bàbá kò lè ká wáyà. Ó mú un lọ́wọ́, ó kàn ń wò ó. Ó jókòó sórí sípíkà kan, ó ní kí n jókòó ti òun. Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí kò sọ fún bàbá mi tó bí lọ́mọ, tí kò sì sọ fún ìyàwó tó bá a gbé títí ikú.

Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́ ní Oǹdó, tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sípíkà méjì àkọ́kọ́, ìbò kan dá ìjà sílẹ̀. Àwọn olóṣèlú kan yá sípíkà náà, wọ́n so ó mọ́ orí mọ́tò, wọ́n ní kí òun jókòó sẹ́yìn láti máa mójú tó bátìrì. Òun ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ. Nígbà tí wọ́n dé àárín ìlú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn lọ dáná sun ilé wọn. Ẹni tó ń kà á kò dárúkọ ara rẹ̀. Orúkọ kẹta jẹ́ ti olùkọ́ tó kọ́ òun ní ìwé kíkà, ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ojúlé kejì sí tiwọn. Olùkọ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Bàbá ní, "Wáyà wà lọ́wọ́ mi, Ìyá mi. Tí mo bá fà á yọ, ohùn náà á kú. N ò fà á."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé olùkọ́ ti jóná. Kò kú sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ìlú ìyàwó rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Bàbá kó wá sí Àkúrẹ́ ní ọdún kan náà. Gbogbo wa rò pé iṣẹ́ ló gbé e wá. Bí ó bá dé Oǹdó fún òkú tàbí ìgbéyàwó, ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń gbà. Ọmọ olùkọ́ náà, Màmá Bísí, ti padà wá, ó ti tún ilé kọ́ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá mọ̀ láti ọdún pípẹ́. Kò lọ.

Mo wá mọ ohun tí mo pè ní ojo. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un láàárín ọjà, èmi obìnrin, torí ìkúnlẹ̀ kò tó mi.

Dókítà ti sọ fún wa nígbà yẹn pé ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀, pé kí a má jẹ́ kó gun òkè, kí a má jẹ́ kó ronú. Bàbá sọ fún mi pé ikú kò ba òun lẹ́rù, ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé kí òun kú láìtíì dé iwájú obìnrin yẹn. Mo ní kí ló wá dá a dúró. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́n. Ó ní nílẹ̀ Oǹdó, ẹni tó bá ní ẹbẹ̀ ńlá láti bẹ̀ kì í dá lọ. Àgbà ẹbí rẹ̀ ló máa ń mú lọ, àgbà náà ló máa sọ̀rọ̀, òun á dojú bolẹ̀. Ó ní ní ọdún tí òun kọ́kọ́ fẹ́ lọ, ojú ti òun láti sọ fún bàbá òun. Nígbà tí òun máa fi ní ìgboyà, bàbá ti kú, ẹ̀gbọ́n ti kú, ìyá ti kú. Kò sí ẹni tó dàgbà ju òun lọ mọ́ nínú ẹbí. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ló kù."

A lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ yá ìró àti bùbá lọ́wọ́ màmá mi, kí n fi gèlè bo irun pupa. Bàbá kọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí ìyá òun para dà lọ bẹ̀bẹ̀. Mọ́tò wa kọjá Bọ́lọ́rundúró. Bàbá wá di ọwọ́ mi mú.

Màmá Bísí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì tún ga bí ẹni tó jókòó sórí àpótí. Ó kí wa káàbọ̀. Ó wo irun mi, ó wo ìkọ́ ara aṣọ mi, ó wo Bàbá. Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, Bàbá ti dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, gbogbo gígùn rẹ̀, fìlà rẹ̀ yí lọ sábẹ́ àga. Èmi náà kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí láti Àkúrẹ́ sá lọ.

Mo ní, "Èmi Yétúndé, ìyá Akínwándé, láti ojúlé kejì. Ọmọ mi ló di wáyà mú lọ́jọ́ tí wọ́n ka orúkọ bàbá yín. Kò fà á. Mo wá bẹ̀ yín, ẹ bá mi forí jì í."

Màmá Bísí padà sídìí àtẹ rẹ̀. Ó ṣa ẹ̀wà mẹ́ta, mẹ́rin, ó sọ èyí tí kò dára sílẹ̀. Mo ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń mí. Mo ń ronú pé ọkàn rẹ̀ kò ní gbà á, pé èmi ni mo gbé e wá kú síwájú ilé yìí. Nígbà tó yá, obìnrin náà gbé àtẹ sílẹ̀. Ó ní bàbá òun rí i lọ́jọ́ náà. Ó ní títí bàbá òun fi kú, kò sọ̀rọ̀ ẹni tó ń ka orúkọ rí. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò ló máa ń sọ. Ó ní, "Ó máa ń sọ pé òun ń wo ọwọ́ ọmọ yẹn. Pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Pé ó kù díẹ̀."

Ẹkún ni mo gbọ́ láti ilẹ̀. Bí ọgọ́ta ọdún ló wà nínú rẹ̀, kò sì jọ ohùn àgbàlagbà rárá.

Màmá Bísí kò wò ó. Èmi ló wò, èmi tí ọmọ rẹ̀ kékeré jùlọ lè bí, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ gbé ọmọ yín dìde. Sìmẹ́ǹtì yẹn tutù."

Mo ki ọwọ́ sí abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, mo sì gbé e dìde.